Ta Ni Yóò San Án? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ẹni Tó Fẹ́ Dá Owó Tirẹ̀ Sílẹ̀

 

Ìyá kan ló bí ìbéèrè tí mo gbé wá síbí lónìí. Ó wà láàárín wa, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀wà àti gàrí ló ń tà ní ọjà Bódìjà. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí à ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti ìdájí, tí èèyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Bí oníbàárà bá mú náírà 1,000 wá, tó ra ọjà náírà 800, ìyá yìí kò ní rí náírà 200 fún un ní ṣẹ́ńjì. Ló bá gé páálí àlòkù sí wẹ́wẹ́, ó kọ 200 sí i lára, ó fi bírò pupa buwọ́ lù ú, ó ní kí oníbàárà mú un padà wá tó bá tún fẹ́ ra ọjà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí páálí náà ti kúrò nísọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbà á mú un lọ sọ́dọ̀ aláta, aláta sì gbà á nítorí ó mọ̀ pé ìyá ẹlẹ́wà kò ní sẹ́. Aláta fi fún ẹni tó ń bá a lọ ata, ẹni tó ń lọ ata sì mú un padà wá fi ra gàrí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pàdé nísọ̀ ìyá, wọ́n á ka páálí, kálukú á gba ohun tó kù fún un. Kò sẹ́ni tó pè é lówó. “Páálí ìyá” ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá ló bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ọlọ́pàá ò ní torí páálí yìí wá gbé mi báyìí?”

Mo ní kó fún mi láàyè kí n wádìí. Ìwádìí náà gbé mi jìnnà ju Bódìjà lọ, torí pé ohun tí ìyá yìí ṣe, àwọn ẹlòmíràn ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Austria, ní Kenya. Wọ́n ti àwọn kan mọ́lé lórí rẹ̀, wọ́n sì yin àwọn kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn, pé owó àti ìjọba jọ wá sáyé pọ̀ ni. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, kò sí ọba Yorùbá kankan tó rọ ọ́. Nínú Òkun Íńdíà, ní erékùṣù Maldives, ni wọ́n ti ń kó o, àwọn oníṣòwò ló sì ń gbé e dé etíkun wa. Kò ní àmì Aláàfin lára, kò ní ti Ọọ̀ni. Síbẹ̀ ìlànà tí a fi ń kà á gún régé: 40 ni okùn kan, okùn 50 ni ẹgbàá, tí í ṣe 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000. Ọ̀kẹ́ tí à ń pè nígbà tí a bá ń kà títí dòní, àpò owó ẹyọ ni.

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1840 sí 1850, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti Zanzibar, èyí tí kò wọ́n wọn púpọ̀ láti rà. Wọ́n kó o wá, wọ́n tún kó o wá. Owó ẹyọ pọ̀ bí yanrìn, agbára rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀kẹ́ mẹ́ta pamọ́ sínú ìkòkò de ọmọ rẹ̀ rí i pé ìkòkò ṣì kún, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà ti dín kù gidigidi. Ta ni ó fẹ́ bá wí? Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún un. Ní ọdún 1904, ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó owó ẹyọ wọ Gúúsù Nàìjíríà, kò sì sí ọ́fíìsì kankan tí ẹni tó ní ọ̀kẹ́ nílé lè gbé e lọ kó fi gba ṣílè. Ìtàn ìkòkò yìí ni mo ń gbé lọ́kàn nígbàkígbà tí ẹnìkan bá fi ohun tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé wọ̀, lé mi lọ́wọ́ pé owó ni, yálà bébà ni, páálí ni, tàbí nọ́ńbà orí fóònù. Mo máa ń fẹ́ mọ orúkọ ẹni tí n ó lọ bá bí ọjà bá dàrú.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí òfin wa. Òfin tó gbé CBN, ìyẹn Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, dúró lónìí ni ti ọdún 2007, abala 17 rẹ̀ ló sì kàn wá. Ohun tó sọ ni pé CBN nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti gbé owó bébà àti owó onírin jáde ní Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é, ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é, ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é, ẹnikẹ́ni mìíràn kò sì gbọdọ̀ ṣe é. Ó wá fi kún un pé wọn ò gbọdọ̀ gbé ìwé tàbí àmì kankan jáde tí a ó san iye rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá mú un dání wá, tó sì ṣeé ṣe kó máa káàkiri bí owó tí òfin fọwọ́ sí.

Mo rọ̀ yín kí ẹ di gbólóhùn yẹn mú: fún ẹnikẹ́ni tó bá mú un dání wá. Ìwé tí mo kọ fún Àdùkẹ́, tí mo ní Àdùkẹ́ ni kó mú un wá kí n san gbèsè mi fún un, gbèsè àárín èmi àti Àdùkẹ́ ni. Ìwé tí mo kọ láìdárúkọ ẹnì kankan, tí ẹni tí n kò mọ̀ rí lè mú wá láti Kánò kí n sì san án, ti di nǹkan mìíràn. Ó ti ní ẹsẹ̀. Ìjọba kò fẹ́ kí ìwé kankan ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí náírà.

Gbólóhùn mìíràn wà tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ìyẹn “owó tí òfin fọwọ́ sí.” Bí mo bá jẹ ọ́ ní gbèsè, tí mo sì gbé owó tí òfin fọwọ́ sí wá, o kò lè kọ̀ ọ́. Abala 20 òfin yẹn sọ pé ẹni tó bá kọ náírà lè fi oṣù 6 jẹ ẹ̀wọ̀n tàbí kó san ìtanràn náírà 50,000. Ohun tí gbólóhùn náà túmọ̀ sí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ ohun gbogbo tí èèyàn méjì bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Scotland mọ èyí dáadáa. Báńkì oníṣòwò mẹ́ta ló ṣì ń tẹ owó bébà níbẹ̀: Bank of Scotland, Royal Bank of Scotland àti Clydesdale Bank. Owó wọn kì í ṣe owó tí òfin fọwọ́ sí, kódà ní Scotland fúnra rẹ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì ní Glasgow. Òfin gbà wọ́n láyè nítorí pé ó ti fi dandan lé e kí wọ́n ní ohun tó tó iye owó tí wọ́n tẹ̀ nípamọ́, kí ẹni tó ní in lọ́wọ́ má baà jìyà bí báńkì bá wó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Brixton ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jìnnà sí Peckham tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí ẹni wà l’Ékòó. Ní ọdún 2009, àwọn ará àdúgbò náà tẹ owó tiwọn, wọ́n pè é ní Brixton Pound, kí owó tí wọ́n ń ná lè máa yí ká láàárín àwọn ìsọ̀ àdúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ nígbà náà a máa fi pọ́n-ùn gidi pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀kan. Àwòrán olórin David Bowie wà lára 10 wọn. Ẹnikẹ́ni kò mú wọn, torí ẹni tó gbà á mọ ibi tó máa lọ bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́.

Nílé níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì l’Ékòó mọ̀ pé kọ́ńdọ́ tí kò bá ní ṣẹ́ńjì a máa kọ iye tó jẹ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, tàbí kó so èrò méjì pọ̀ pé kí wọ́n lọ pín in nísàlẹ̀. Àwọn ìsọ̀ kan a máa fi súìtì dípò náírà 50. Àwa la fún àwọn nǹkan wọ̀nyí ní agbára owó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí owó wẹ́wẹ́ kò sí. Ẹ kíyè sí i pé níbi tí owó wẹ́wẹ́ bá ti wọ́n ni àwọn èèyàn ti máa ń dá tiwọn sílẹ̀. Bó ṣe rí ní Bìrìtéènì náà nìyẹn ní ọdún 1787, nígbà tí ilé ìrọwó ọba kò rọ owó bàbà tó. Ilé-iṣẹ́ awakùsà Parys Mine ní Anglesey rọ kọ́bọ̀ tirẹ̀ láti fi san owó òṣìṣẹ́, àwọn oníṣòwò mìíràn sì tẹ̀ lé e, títí òfin fi pa irú rẹ̀ rẹ́ ní ọdún 1817.

Amẹ́ríkà ni ẹjọ́ tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ti ṣẹlẹ̀, n ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1831, alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó ti Jámánì wá, Christopher Bechtler, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó ní Rutherford County ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Wọ́n ń wa wúrà nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìrọwó ìjọba jìnnà, ojú ọ̀nà sì léwu. Àwọn awakùsà a gbé wúrà wá fún un, yóò sì rọ ọ́ di owó pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ àti ìwọ̀n wúrà tó wà nínú rẹ̀. Ìjọba kò tíì rọ dọ́là kan wúrà nígbà náà. Ó di ọdún 1849 kó tó ṣe é. Òfin kò sì dá Bechtler dúró. Ìwé òfin Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ rọ owó, kò sọ nǹkan kan nípa ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọdún 1864, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ni òfin tó wá ti ilẹ̀kùn náà jáde. Ó sọ pé ẹni tó bá rọ owó wúrà, fàdákà tàbí irin mìíràn tó fẹ́ kí ará ìlú máa ná bí owó, ó ti ṣẹ̀, yálà ó jọ owó ìjọba tàbí àwòrán tirẹ̀ ni. Òfin náà wà síbẹ̀ títí dòní.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bernard von NotHaus rìn wọ inú òfin yẹn. Ó ti rọ irin ní Hawaii fún ọdún púpọ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ NORFED sílẹ̀ ní ọdún 1998, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Evansville ní Indiana. Ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé dọ́là ìjọba ń sọ agbára nù, pé fàdákà ni owó tó lè gba tálákà sílẹ̀. Ó rọ owó fàdákà, ó pè é ní Liberty Dollar. Ó fi orí obìnrin sí i, ó fi àmì dọ́là sí i, ó kọ USA sí i. Owó ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé Ọlọ́run ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Tirẹ̀ ní kí a gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ìyàtọ̀ náà kò ju kí a pa ọ̀rọ̀ dà lọ.

Ibi tó ń kọ mí lóminú ni iye rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n fàdákà tó wà nínú rẹ̀ kò ju bíi dọ́là 5 lọ lọ́jà, ṣùgbọ́n 10 ni ó kọ sí i lára. Ó ń ta á fún àwọn alábàáṣe rẹ̀ ní owó tó dín sí 10, wọ́n á wá ná an fún oníṣòwò bíi 10. Ẹ fojú inú wo ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí owó ní ilé oúnjẹ kan, tó gba ohun tó jọ owó, tó tàn, tí àmì dọ́là wà lára rẹ̀. Ó fi dọ́là gidi fún ẹni náà ní ṣẹ́ńjì. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó, òun ni wọ́n ń bi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni ilé ìrọwó Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé ìwà ọ̀daràn ni láti máa ná Liberty Dollar bí owó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, FBI ya wọ Evansville. Wọ́n kó owó fàdákà, wúrà àti bàbà lọ, títí kan fàdákà tí wọ́n tọ́jú nítorí àwọn tí NORFED fún ní ìwé-ẹ̀rí fàdákà. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ ní Statesville sọ pé ó jẹ̀bi. Statesville yìí, North Carolina ló wà, ìpínlẹ̀ kan náà tí Bechtler ti rọ owó tirẹ̀ láìsí ẹni tó bi í. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014 ni adájọ́ Richard Voorhees dá ẹjọ́ fún un: kó má kúrò nílé fún oṣù 6, kó sì wà lábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní ọdún 1991, ní ìlú Ithaca ní ìpínlẹ̀ New York, Paul Glover tẹ owó bébà tó pè ní Ithaca HOURS. HOUR kan jẹ́ dọ́là 10, torí pé iye tí wọ́n rò pé ó yẹ kí iṣẹ́ wákàtí kan gbà nìyẹn. Àwọn oníṣòwò ìlú náà gbà á, àwọn káfíńtà gbà á, ó sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba kò mú Glover. Bébà ni owó rẹ̀, kò jọ dọ́là, ó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé owó Ithaca ni, kò bo ojú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, lábẹ́ òfin kan náà, wọ́n gbé ọ̀kan lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀. Àwọn kan rí i bí àìṣòdodo. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Von NotHaus lè jẹ́ olóòótọ́ nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ aṣọ ẹlòmíràn, ẹni tó gbà á níkẹyìn ló sì ń ru ẹrù rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí òfin ti bá ẹni tí kò wọ aṣọ ẹnikẹ́ni jà. Ní ọdún 1932, nígbà tí ọ̀dá owó mú gbogbo ayé, baálẹ̀ ìlú kékeré Wörgl ní Austria, Michael Unterguggenberger, rí i pé àwọn ọ̀nà ìlú ti bàjẹ́, àwọn tó lè tún un ṣe jókòó láìríṣẹ́, owó nìkan ni kò sí láàárín. Ó fi owó ìjọba pamọ́ sí báńkì, ó tẹ bébà iṣẹ́ tó bá iye rẹ̀ mu, ó fi san owó òṣìṣẹ́. Bí oṣù bá ti ń parí, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ yóò ra òǹtẹ̀ tó jẹ́ 1 nínú 100 iye rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kó tó lè ná an. Nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bébà náà ń sáré láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n tún ọ̀nà ṣe, wọ́n kọ́ afárá, àwọn ará ìlú sì fi san owó orí tí wọ́n ti jẹ sílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1933, báńkì àpapọ̀ Austria ní kí wọ́n dá a dúró, àìríṣẹ́ sì padà. Owó wà nípamọ́ lẹ́yìn bébà yẹn, ẹni tí yóò san án sì wà. Báńkì kò rí ju pé ẹlòmíràn ń ṣe iṣẹ́ òun.

Ní Kenya, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà ọlọ́pàá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, àwọn oníṣòwò kéékèèké ní àdúgbò tálákà kan tí wọ́n ń pè ní Bangladesh, ní Mombasa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé tí wọ́n pè ní Bangla-Pesa ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Ọjọ́ tí ṣílè Kenya bá wọ́n, aránṣọ yóò fi Bangla-Pesa ra ẹ̀fọ́, ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò fi gbé alùpùpù. Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi mú Will Ruddick tó bá wọn ṣètò rẹ̀, pẹ̀lú ará àdúgbò márùn-ún. Ẹ̀sùn ayédèrú ni wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń sọ kiri pé ẹgbẹ́ tó fẹ́ fa etíkun Kenya ya ló wà lẹ́yìn wọn. Ṣé ẹ rí i bí ìbẹ̀rù ìjọba ṣe máa ń sáré ṣíwájú ìwádìí? Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í ṣe olùdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè. Ebi ló ń lé e.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín pé ìbẹ̀rù náà kò ní ìdí. Àwa náà ti rí owó tó kú mọ́ olówó lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, nígbà tí ogun ń lọ, Nàìjíríà pa owó bébà rẹ̀ dà, kí oṣù náà sì tó parí, Biafra ti gbé pọ́n-ùn tirẹ̀ jáde. Fún nǹkan bí ọdún méjì, òun ni wọ́n fi ra iṣu, òun ni wọ́n fi ra oògùn. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, ẹni tó kó tirẹ̀ fún báńkì gba pọ́n-ùn 20 péré, bó ti wù kí ohun tó kó wá pọ̀ tó. N kò gbọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa pọ́n-ùn 20 yẹn rí kí ohùn rẹ̀ má yí padà.

Ní ọdún 2016 ẹ̀wẹ̀, MMM tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀ gbòde kan nílẹ̀ yìí. Náírà ni àwọn èèyàn ń san, Mavro ni wọ́n ń kà lójú fóònù, wọ́n sì ṣèlérí pé yóò máa fi 30 lé 100 lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá, MMM ti àkáǹtì gbogbo wọn pa. Owó ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, owó àjọ wà níbẹ̀. Mavro ń pọ̀ sí i lójú fóònù, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti fẹ́ gbà á?

Ẹ ó máa bi mí nípa Bitcoin. Láti oṣù kìíní ọdún 2009 tó ti bẹ̀rẹ̀, kò ní olúwa kankan tó ṣèlérí láti san án, àwọn tó sì gbé e kalẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, CBN ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ó yí ìlànà náà padà. Òfin ìdókòwò ti ọdún 2025 sì wá fi irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àjọ SEC tó ń mójú tó ìdókòwò. Ẹ lè rà á, ẹ lè tà á. Ohun ìní ni òfin wa pè é, bẹ́ẹ̀ kò sọ ọ́ di náírà. Ó jọ owó ẹyọ lójú mi ju bí ó ṣe jọ páálí ìyá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Bí a bá ń bi ẹni tó dá owó sílẹ̀ pé ta ni yóò san án, ìjọba náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Ní ọdún 2023, náírà tí òfin fọwọ́ sí wà nínú àkáǹtì wa, a kò sì rí i gbà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé owó bébà àtijọ́ tí CBN ń fi tuntun rọ́pò ṣì jẹ́ owó títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà. Kí ìdájọ́ yẹn tó dé, mo ti rí ọkùnrin tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, pẹ̀lú owó nínú báńkì. Ẹni tó fi òfin gba ẹ̀tọ́ láti dá owó sílẹ̀ lóun nìkan, ó ti gba gbèsè gbogbo wa sọ́rùn. A kò gbọdọ̀ sinmi títí yóò fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo wá sọ fún ìyá ẹlẹ́wà? Mo ní kó má jẹ́ kí ohunkóhun tó bá kọ jọ náírà, kó má yá àmì CBN lò, kó má sì pè é lówó. Ẹni tó bá ṣe ayédèrú náírà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín sí ọdún 5. Mo ní kó máa kọ orúkọ oníbàárà síbẹ̀, àti ọjọ́, àti pé ẹ̀wà tàbí gàrí ni yóò fi san án nísọ̀ tirẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ gbèsè ọjà láàárín ẹni méjì tó mọ ara wọn, abala 17 kò sì bá irú ìyẹn jà. Mo kìlọ̀ fún un kó má gba náírà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fún un ní páálí, kó sì má ṣèlérí láti dá náírà náà padà, torí ẹni tó bá ń gba owó ará ìlú pamọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wọ iṣẹ́ báńkì, òfin BOFIA ti ọdún 2020 kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ báńkì láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n lo ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè yẹ̀ wò, kí orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí wọ́n jẹ wà níbẹ̀, kí ohunkóhun má sì jáde nínú rẹ̀ tó lè máa dá rìn kiri ìlú. Àwọn alájọ wa ti ń ṣe ohun tó sún mọ́ ọn láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú káàdì tí orúkọ wà lórí rẹ̀.

Mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ẹlẹ́wà bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Oṣù karùn-ún ni, owó ti padà sígboro, ó sì rò pé gbogbo páálí náà ti wọlé tán. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú páálí mẹ́ta. Ìyá kan tó ń ta iṣu níbẹ̀ ló fún un ní ṣẹ́ńjì, ìyá oníṣu sì gbà á lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó wá sí Bódìjà. Ìyá ẹlẹ́wà kò rí ọmọ náà rí. Kò mọ ìyá oníṣu, kò mọ àbúrò rẹ̀. Ó gbé páálí sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo bírò pupa tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Àwọn tó wà nísọ̀ ń sọ pé kó má dá a lóhùn. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó ka náírà 600 sí i lọ́wọ́, ó ní kó bá òun kí wọn l’Ọ́yọ̀ọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán ló tó yíjú sí mi, tó bi mí bóyá ọlọ́pàá lè wá gbé òun.